Wọ́n Ti Ṣí Ọ̀nà Ìtọ̀, Kí Ló Dé Tí Omi Ò Dáwọ́ Dúró Mọ́?

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ fara balẹ̀ kà á, torí kò sí ilé tí kò ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ni fóònù mi dún. Àkọ́bí Bàbá Télọ̀ ló ń pè. Aládùúgbò wa ni Bàbá Télọ̀ ní Òtò, lẹ́bàá Ìddó àti Oyíngbò, níbi tí mo dàgbà sí. Àwọn ni wọ́n rán gbogbo yúnífọ́ọ̀mù tí mo wọ̀ lọ sílé ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọn ò lè tọ̀ rárá. Ìsàlẹ̀ ikùn wọn wú, ó le bí ìgbá, ó sì ń dùn wọ́n gan-an. Wọ́n gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ki rọ́bà ìtọ̀ bọ̀ wọ́n, ìtọ̀ sì tú jáde. Gbogbo ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

"Àbúrò," ohùn bọ̀ọ̀dá mi ń gbọ̀n lórí fóònù, "ṣebí ìwọ lò ń kàwé sáyẹ́ǹsì. Jọ̀ọ́, ṣàlàyé fún mi. Láti ìrọ̀lẹ́, a ti da báàgì ìtọ̀ yẹn nù lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún ti ń kún. Bàbá ò mu omi tó bẹ́ẹ̀. Ibo ni omi yìí ti ń wá? Ṣé ká di rọ́bà yẹn pa ni? Mọ́mì ní ká má fún wọn lómi mu mọ́, bóyá á dáwọ́ dúró."

Èmi náà dákẹ́. Mo ti ka nǹkan báyìí rí nínú ìwé fisiọ́lọ́jì, àmọ́ ohun téèyàn kà nínú ìwé yàtọ̀ sí ohun tó dé bá bàbá ẹni. Ohun tí mo rí sọ ò pọ̀: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má di rọ́bà yẹn pa o. Ẹ lọ pe nọ́ọ̀sì báyìí, ẹ sọ iye tó ti jáde fún wọn." Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìwé mi. Ohun tí mo kà lóru ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín. Èmi kì í ṣe dókítà o, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Àmọ́ ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ kíndìnrín kì í ṣe kó kàn máa da omi nù

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé iṣẹ́ kíndìnrín ni kó máa ṣe ìtọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tíì pé. Iṣẹ́ rẹ̀ tó pọ̀ jù ni kó máa gba omi padà.

Kíndìnrín méjì la ní, ẹ̀yìn ni wọ́n wà, nísàlẹ̀ egungun ìhà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju bí ìkúùkù lọ. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, asẹ́ kéékèèké tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ló wà níbẹ̀. Nephron làwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀jẹ̀ tó lé ní lítà kan ló ń gba inú kíndìnrín méjèèjì kọjá. Asẹ́ yìí á dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àti purotéènì dúró, á wá jẹ́ kí omi, iyọ̀, ṣúgà àti ìdọ̀tí kọjá. Láàárín wákàtí 24, omi tí wọ́n ń sẹ́ tó nǹkan bíi lítà 180. Ẹ fojú inú wo kẹ́ẹ̀gì lítà 25, irú èyí tí àwọn mẹ́ruwà ń tì kiri. Méje rẹ̀ tó kún dẹ́múdẹ́mú, ojúmọ́ kan.

Àmọ́ ìtọ̀ tí à ń tọ̀ lójúmọ́ ò sábà ju lítà kan sí méjì lọ. Ibo wá ni ìyókù gbà lọ? Lára asẹ́ kọ̀ọ̀kan ni páìpù tín-ín-rín kan wà. Bí omi ṣe ń gba inú páìpù yìí kọjá, ara ń gba ṣúgà, iyọ̀ àti omi padà díẹ̀díẹ̀, títí á fi ku omi díẹ̀ tó gbé ìdọ̀tí dání. Nínú lítà 100 tí asẹ́ bá sẹ́, nǹkan bíi lítà 99 ló ń padà sínú ẹ̀jẹ̀.

Nǹkan méjì ló ń jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Èkíní, àárín gbùngbùn kíndìnrín níyọ̀ gan-an. Iyọ̀ yìí ló ń fa omi jáde nínú páìpù, bí iyọ̀ ṣe máa ń fa omi jáde lára ẹja tí wọ́n bá fi í pa. Èkejì, ara páìpù ní ilẹ̀kùn kéékèèké tí omi ń gbà kọjá. Aquaporin lorúkọ wọn. Peter Agre, ará Amẹ́ríkà tó ṣàwárí wọn, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 2003. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ wá, ọpọlọ á tú họ́mónù kan jáde, họ́mónù yìí á dé kíndìnrín, á ní kó ṣí ilẹ̀kùn omi sí i. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ wa fi máa ń pọ́n, tó sì máa ń kéré, lọ́jọ́ tí a bá fi gbogbo ọ̀sán rìn nínú oòrùn láìmu omi.

Ẹ fi nǹkan méjì yìí sọ́kàn: iyọ̀ àárín kíndìnrín, àti ilẹ̀kùn omi. A ṣì máa padà sí wọn.

Bí gọ́tà bá dí

Ẹni tó bá ti gbé Òtò, Ẹ̀búté Mẹ́ta tàbí Muṣin lásìkò òjò mọ ibi tí mò ń lọ. Bí ọ̀rá pure water bá dí ẹnu gọ́tà nísàlẹ̀ àdúgbò, kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ló máa fara gbá a. Omi á padà sẹ́yìn. Á kún gọ́tà, á gun títì, á wọ inú ọgbà, á sì wọ yàrá. Ẹni tó ń gbé lókè ọ̀hún kọ́ ló da ọ̀rá sí gọ́tà, àmọ́ ògiri ilé tirẹ̀ náà á rẹ.

Bó ṣe rí nínú ara náà nìyẹn. Ìtọ̀ ń gba páìpù méjì sọ̀ kalẹ̀ láti kíndìnrín wá sínú àpò ìtọ̀, ó wá ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo jáde síta. Àpò ìtọ̀ àgbàlagbà sábà máa ń gba mílílítà 400 sí 600, bí omi inú pure water kan. Bí ọ̀nà àbájáde bá dí, àpò yìí á máa fẹ̀, ó lè gba lítà kan, ó tiẹ̀ lè gba ju méjì lọ bí ìdíwọ́ náà bá ti pẹ́. Tó bá yá, ìtọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sókè. Páìpù méjèèjì á wú, inú kíndìnrín náà á wú.

Ohun tó ń mú asẹ́ ṣiṣẹ́ ni pé agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti omi síwájú ju agbára tó ń tì í padà lọ. Bí ìtọ̀ tó há bá ń ti asẹ́ láti ìsàlẹ̀, omi tó ń sẹ́ á dínkù. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí kíndìnrín náà á fún mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ tó ń débẹ̀ á dínkù sí i. Nígbà yẹn, yúríà, creatinine àti pòtásíọ́mù tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Pòtásíọ́mù ló tètè ń pààyàn jù nínú wọn, torí bó bá pọ̀ jù, ọkàn lè dédé dá iṣẹ́ dúró. Bí ìdíwọ́ bá wá pẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì ara páìpù á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, àpá á sì gba ipò wọn. Àpá ò lè sẹ́ omi, kò sì lè gba omi padà.

Kí ló ń dí ọ̀nà?

Fún ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, próstéètì ni ká kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀yà ara kékeré kan ni, ó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ọ̀nà ìtọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí ọkùnrin ṣe ń dàgbà ló ń tóbi. Nígbà tí wọ́n bá fi máa tó ọgọ́ta ọdún, nǹkan bí ìdajì àwọn ọkùnrin ló ti ń bá fínra. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ jẹjẹrẹ próstéètì náà lè dí ọ̀nà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ má sùn lọ o. Àtọ̀sí tí wọn ò tọ́jú dáadáa lè fi àpá sílẹ̀ nínú ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin, kí ọ̀nà náà wá fún lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ìjàǹbá ọ̀kadà tó bá fọ́ egungun ìdí náà lè ṣe é. Òkúta lè há sínú páìpù. Àìsàn inú odò tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní àtọ̀sí ajá, lè ba páìpù àti àpò ìtọ̀ jẹ́. Lára obìnrin, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ lè fún páìpù méjèèjì pa láìsí pé àpò ìtọ̀ kún rárá. Bẹ́ẹ̀ la máa ń rí ọmọkùnrin jòjòló tí wọ́n bí pẹ̀lú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan nínú ọ̀nà ìtọ̀. Ìtọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ta jáde, ṣe ló ń kán tó, tó, tó.

Ọ̀nà ti ṣí, kí ló dé tí omi ń ya?

Ọ̀nà tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà ṣí ìdíwọ́ próstéètì ni rọ́bà ìtọ̀, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní kátítà. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Benjamin Franklin, ọ̀kan lára àwọn tó dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀, ṣètò ọ̀kan tí wọ́n fi fàdákà ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ John ní 1752. Èyí tí à ń lò lóde òní, tó ní bàlúù kékeré lórí kó má bàa yọ jáde, orúkọ Frederic Foley ló ń jẹ́, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ lé e lórí ní bíi ọdún 1930 sókè.

Bí rọ́bà bá wọlé, ìtọ̀ tó há á kọ́kọ́ jáde. Ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èyí tó ń dẹ́rù ba àwọn ará ilé ni ti wákàtí tó tẹ̀ lé e. Àwọn dókítà ń pè é ní post-obstructive diuresis. Ẹ jẹ́ kí àwa máa pè é ní ìtọ̀ ọ̀gbàrá. Wọ́n á ní ó ti bẹ̀rẹ̀ bí ìtọ̀ bá ju mílílítà 200 lọ ní wákàtí kan, tí wákàtí kejì náà sì rí bẹ́ẹ̀, tàbí bó bá ju lítà 3 lọ láàárín wákàtí 24. Lítà 3 yẹn, pure water mẹ́fà ni.

Nǹkan mẹ́rin ló ń fà á.

Èkíní ni gbèsè. Ní gbogbo ọjọ́ tí ọ̀nà fi dí, ara ti kó omi àti iyọ̀ jọ. Ẹsẹ̀ ẹlòmíì tiẹ̀ máa ń wú. Ọkàn pàápàá máa ń tú họ́mónù kan jáde tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó da iyọ̀ nù. Bí ọ̀nà bá wá ṣí, ara á san gbèsè yìí. Apá yìí dáa, à ń fẹ́ ẹ ni.

Èkejì ni yúríà. Yúríà tó ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ á rọ́ jáde, kì í sì í dá nìkan jáde. Ó máa ń fa omi lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ṣúgà ṣe ń fa omi jáde lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Ẹ̀kẹta ni iyọ̀ àárín kíndìnrín tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Nígbà tí ọ̀nà dí, iṣẹ́ tó ń kó iyọ̀ yìí jọ dúró, iyọ̀ náà sì ṣàn lọ díẹ̀díẹ̀. Agbára tó yẹ kó fa omi padà ò sí mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ilẹ̀kùn omi. Nígbà tí àwọn onímọ̀ dí ọ̀nà ìtọ̀ eku fún wákàtí 24 péré, wọ́n rí i pé aquaporin inú páìpù ti dínkù gan-an. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i, kò tíì pé padà. Họ́mónù ọpọlọ ń kan ilẹ̀kùn, àmọ́ ilẹ̀kùn ò sí níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rú àwọn èèyàn lójú nìyí. Wọ́n á ní, "Ṣé kò ní jẹ́ pé kíndìnrín ti yá nìyẹn, tó fi ń tọ̀ tó báyìí?" Rárá o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Kíndìnrín tó yá ń sẹ́ lítà 180, ó ń da nǹkan bí ìdá kan nínú 100 nù: lítà 1.8 nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ní kíndìnrín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìdíwọ́ ò lè sẹ́ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ìyẹn lítà 36. Àmọ́ páìpù rẹ̀ ti bàjẹ́, ìdá 80 nínú 100 ló lè gbà padà. Ìdá 20 tó kù lára lítà 36 jẹ́ lítà 7.2! Asẹ́ ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ìtọ̀ sì pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin. Àpẹẹrẹ lásán ni iye yìí, àmọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Kí ìtọ̀ pọ̀ ò túmọ̀ sí pé kíndìnrín ti yá.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe

Bí òkúta bá dí ọ̀nà kíndìnrín kan, tí èkejì sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìtọ̀ ọ̀gbàrá kì í sábà wáyé bí wọ́n bá ṣí i. Ìdí ni pé èkejì ti ń kó ìdọ̀tí jáde ní gbogbo àsìkò yẹn, gbèsè ò sí nílẹ̀. Kíndìnrín méjèèjì ló gbọ́dọ̀ dí, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo lẹni náà ní.

Àmọ́ ewu tó wà nínú ti ẹlẹ́yọ kan ni pé ó máa ń dákẹ́. Ẹni náà ń tọ̀ dáadáa, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, nígbà tí kíndìnrín kan ti ń kú lọ lábẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ríro tó le tó ń lọ tó ń bọ̀ fi nílò skáànù, kì í ṣe páráṣítámọ́ọ̀lù nìkan.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe, àti ohun tí kò yẹ

Ẹ má di rọ́bà pa. Bẹ́ ẹ bá dì í, ẹ ti dá ìdíwọ́ padà nìyẹn, ìtọ̀ á tún gòkè lọ ti kíndìnrín. Nígbà kan, àwọn dókítà náà máa ń dì í, kí wọ́n máa jẹ́ kó jáde díẹ̀díẹ̀, torí wọ́n ń bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde tàbí kí ìfúnpá já wálẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ò fi hàn pé ó ṣàǹfààní, wọ́n sì sábà máa ń jẹ́ kó jáde lẹ́ẹ̀kan náà báyìí. Bí ìtọ̀ bá pọ́n díẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀, ó sábà máa ń mọ́ fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ẹ má fi omi du aláìsàn. Mọ́mì rò pé bí omi ò bá wọlé, omi ò ní jáde. Lára ẹni tó yá, ìtọ̀ á dínkù lóòótọ́. Àmọ́ páìpù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti bàjẹ́ ò mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹnikẹ́ni. Omi á máa jáde lọ bẹ́ẹ̀, ara á gbẹ, ìfúnpá á lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé kíndìnrín tó ń gbìyànjú láti yá. A lè fi ọwọ́ ara wa ba ohun tí rọ́bà tún ṣe jẹ́.

Àmọ́ ẹ má sì tún bu gbogbo omi tó jáde padà. Bí lítà kan bá jáde, tí wọ́n fi lítà kan rọ́pò rẹ̀ láti ojú iṣan, ọ̀gbàrá ò ní dúró láé, torí gbèsè tó yẹ kí ara san ni wọ́n ń yá a padà. Bí ẹni náà bá lajú, tó lè mu omi, wọ́n máa ń jẹ́ kí òùngbẹ máa darí ẹ̀. Bó bá jẹ́ dírípù ni, wọ́n sábà máa ń fi nǹkan bí ìdajì ohun tó jáde rọ́pò. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ìtọ̀ ní wákàtí wákàtí, tí wọ́n ń yẹ ìfúnpá wò, tí wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láti wo iyọ̀ àti pòtásíọ́mù. Pòtásíọ́mù tó pọ̀ jù lánàá lè kéré jù lónìí.

Iṣẹ́ tiyín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, rọrùn. Ẹ má da ìtọ̀ nù láìwọ̀n ọ́n. Ẹ kọ aago àti iye rẹ̀ sínú ìwé tàbí sórí fóònù. Bí òòyì bá ń kọ́ ẹni náà, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bá já gaara mọ́, tàbí tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀gbàrá yìí á rọlẹ̀ láàárín wákàtí 24 sí 48. Bó bá kọjá ìyẹn, dókítà gbọ́dọ̀ wádìí ẹ̀.

Ṣé kíndìnrín á padà sípò?

Ìbéèrè tí gbogbo ilé máa ń béèrè nìyí. Ìdáhùn wà lọ́wọ́ bí ìdíwọ́ náà ṣe pẹ́ tó.

Ní 1971, àwọn dókítà Amẹ́ríkà méjì, Vaughan àti Gillenwater, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lára ajá. Wọ́n dí páìpù kíndìnrín kan pa pátápátá, wọ́n wá ṣí i lẹ́yìn ìgbà tó yàtọ̀ síra. Àwọn tí wọ́n ṣí lẹ́yìn ọjọ́ 7, kíndìnrín wọn padà sípò tán. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ló padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nǹkan bí ìdá 30. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sí ohun tó padà.

Èèyàn kì í ṣe ajá o, ìdíwọ́ tèèyàn kì í sì í sábà dí pátápátá bẹ́ẹ̀, nítorí náà a ò lè ka ọjọ́ yìí lé ẹnikẹ́ni lórí. Ẹlòmíì ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí nǹkan kan ṣì padà. Àmọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò yí padà: ọjọ́ ń lọ, kíndìnrín ń lọ. Bí kòkòrò bá wọ ìtọ̀ tó há, tàbí tí ẹni náà ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀, ó máa ń yára bàjẹ́ sí i.

Bí ara bá ń bọ̀ sípò, ìpele méjì ló sábà máa ń gbà. Páìpù ló ń kọ́kọ́ yá, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì: ilẹ̀kùn omi á padà, iyọ̀ àárín á tún kóra jọ, ìtọ̀ á padà sí bó ṣe máa ń rí. Creatinine náà á ti máa wálẹ̀ nígbà yẹn. Asẹ́ fúnra rẹ̀ ṣì lè máa yá díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ó túmọ̀ sí pé àyẹ̀wò ọjọ́ kẹta kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn. Ó tún túmọ̀ sí pé ẹni tí wọ́n yọ rọ́bà lára ẹ̀, tó ń tọ̀ dáadáa, gbọ́dọ̀ padà lọ fún àyẹ̀wò. Gọ́tà ti ṣí, omi ti lọ, àmọ́ ògiri ṣì tutù.

Fún àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n bí pẹ̀lú awọ yẹn, ilẹ̀kùn omi wọn lè má pé láéláé. Wọ́n á máa mu omi púpọ̀, wọ́n á máa tọ̀ púpọ̀, wọ́n sì lè máa tọ̀ sílé dàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má na irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì fi omi dù ú lálẹ́. Kì í ṣe ìwà burúkú, kíndìnrín rẹ̀ ni.

Bàbá Télọ̀

Nọ́ọ̀sì dé lóru ọjọ́ yẹn. Ìfúnpá Bàbá ti lọ sílẹ̀, ẹnu wọn ti gbẹ. Wọ́n fún wọn lómi mu, wọ́n sì fa dírípù sí wọn lára. Bọ̀ọ̀dá mi ń kọ iye ìtọ̀ sórí fóònù ní wákàtí wákàtí, ó ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp bí ẹni ń ka àbájáde bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gbàrá rọlẹ̀. Creatinine wọn wálẹ̀, ó tún wálẹ̀, ó wá dúró síbì kan tí kò tíì dé ibi tó yẹ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ibẹ̀ náà ló wà. Wọn ò nílò ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, a dúpẹ́. Àmọ́ apá kan kíndìnrín wọn ti lọ, kò sì ní padà.

Nígbà tí mo lọ kí wọn nílé, mo béèrè pé, "Bàbá, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ gan-an?" Wọ́n fi ìgbà díẹ̀ wo máṣìnnì wọn. Wọ́n ní ó ti tó ọdún méjì. Wọ́n ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru láti tọ̀. Wọ́n á dúró títí kó tó jáde, tó bá jáde náà, kò lágbára, á sì dà bí ẹni pé ó ṣì kù. Agbo ni wọ́n ń rà ní ibùdókọ̀. "Mo rò pé ọjọ́ orí ni, ọmọ mi. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ọdún méjì ni ara wọn fi ń sọ ọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́. Gbogbo wa là ń wọlé jáde ní ṣọ́ọ̀bù wọn.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ àwọn àmì yìí: jíjí tọ̀ léraléra lóru, ìtọ̀ tí kò lágbára mọ́, kéèyàn máa fipá tọ̀, ìtọ̀ tó ń kán lẹ́yìn tó ti parí, ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ìsàlẹ̀ ikùn tó ń wú. Oògùn kàtá kan wà tó lè mú kí ọ̀nà ìtọ̀ ẹni tí próstéètì rẹ̀ ti tóbi dí lójijì, nítorí náà kí wọ́n máa béèrè kí wọ́n tó lò ó. Agbo tàbí oògùn tó ń mú kéèyàn tọ̀ sí i ò lè ṣí ọ̀nà tó dí. Ṣe ló ń bu omi sí gọ́tà tó ti kún. Ẹni tí kò bá lè tọ̀ rárá, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni, kì í ṣe kẹ́mísìtì. Ní agbègbè wa, Federal Medical Centre wà ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, níbi tó jẹ́ ilé ìwòsàn rélùwéè tẹ́lẹ̀, LUTH sì wà ní Ìdí-Àràbà.

Ó máa ń ti àwọn bàbá wa lójú láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà, àwa la máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá pe ilé lálẹ́ òní, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kí wọn tán, ẹ béèrè ìbéèrè kan péré: "Bàbá mi, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń jí tọ̀ lóru?" Ẹ wá dákẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.